Lẹ́tà Ṣíṣí Sí Ẹ̀yin Alákòóso Yunifásítì Tí Àwọn Ọgbà Yín Jọ Ń Jẹ́ Orúkọ Kan

Ẹ̀yin ọ̀gá mi nínú ìgbìmọ̀ olùdarí, ẹ̀yin gíwá, àti ẹ̀yin akọ̀wé àgbà tí òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ yín,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àbójútó. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, n kò sì ní ìjókòó nínú ìgbìmọ̀ kankan. Ìwé ẹ̀rí ni mo máa ń yẹ̀ wò. Bí ẹnì kan bá ń wáṣẹ́, tàbí tó fẹ́ kàwé sí i, tó ní yunifásítì báyìí ni òun ti gboyè, àwa la máa kọ̀wé síbẹ̀ láti mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Nídìí iṣẹ́ yìí, kò sí ohun tó máa ń dààmú mi tó ọ̀rọ̀ àwọn ọgbà yunifásítì tó jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, tí orúkọ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ìyàtọ̀, tí àwọn alákòóso wọn sì ń bára wọn fa orúkọ náà bí ẹni ń fa okùn. Ẹ̀yin lẹ̀ ń fa okùn. Àwa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde yín ni okùn náà ń bó lọ́wọ́.

Ohun tó gbé mi dé ìdí iṣẹ́ yìí kò ṣẹ̀yìn ohun tójú mi rí. Ọgbà tó jẹ́ àbúrò ni mo ti kàwé jáde. Àwa àti ọgbà tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan ni. Orúkọ ìlú tó gbẹ̀yìn orúkọ náà nìkan ló yà wá sọ́tọ̀. Nígbà tí mo fẹ́ kàwé sí i, ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ gbà mí kọ̀wé béèrè transcript mi. Akọ̀wé tó kọ àdírẹ́sì gé orúkọ ìlú kúrò, bóyá ó rò pé kò pọn dandan. Bí ìwé ṣe gba ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n lọ nìyẹn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì. Obìnrin tí mo bá níbẹ̀ kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó kàn ti bébà kan sí mi lórí tábìlì. Wọ́n ti fi báírò pupa yí orúkọ mi po, wọ́n wá kọ ìlà kan ṣoṣo sábẹ́ rẹ̀: "A kò ní àkọsílẹ̀ ẹni yìí." Òǹtẹ̀ aláwọ̀ búlúù wà nísàlẹ̀. Àmì ìdánimọ̀ tó wà láàárín òǹtẹ̀ náà ló wà lórí sátífíkéètì tí mo gbé dání. Mo gbé méjèèjì síra wọn níwájú rẹ̀. Ó wo bébà, ó wo sátífíkéètì, ó wá bi mí pé, "Ṣebí yunifásítì kan náà nìyí?" N kò mọ èsì tí mo lè fọ̀. Bí mo bá ní òun ni, a jẹ́ pé àwọn tó ni mí ló ní àwọn ò mọ̀ mí. Bí mo bá ní òun kọ́, kí wá ni àmì ìdánimọ̀ kan náà ń wá lórí méjèèjì?

Kí n tó lọ kí n tó bọ̀, kí ọgbà tèmi tó kọ̀wé pé ọmọ àwọn ni mí lóòótọ́, wọ́n ti fi àyè mi fún ẹlòmíì. Ọdún kan gbáko ni mo fi dúró. Ṣùgbọ́n ọdún náà kọ́ ló dùn mí jù. Ohun tó dùn mí ni pé ẹni tó di báírò pupa mú mọ̀ dájú pé ọgbà mìíràn wà tó ń jẹ́ orúkọ tiwọn. Ìwé aṣìnà kì í ṣe ohun tuntun lọ́dọ̀ wọn. Ó lè fi ìwé náà ránṣẹ́ síbi tó yẹ, àbí kó tilẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n lọ béèrè lọ́dọ̀ ọgbà kejì. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjà orúkọ ń lọ lọ́wọ́ láàárín ọgbà méjèèjì nígbà náà, kò sì sí òṣìṣẹ́ tó fẹ́ kí wọ́n rí òun pé òun ń bá apá kejì ṣe. N kò ní dárúkọ wọn níhìn-ín. Ẹ̀ṣẹ̀ náà ti di tàná, ẹni tó kọ ìlà yẹn sì lè ti fẹ̀yìn tì.

Ohun tí mo wá bá yín sọ ni pé orúkọ tí ẹ̀ ń jà lé lórí, ara àwọn èèyàn ló wà. Ẹ̀yin a máa pààrọ̀ ìgbìmọ̀, gíwá a máa wọlé, gíwá a máa jáde. Akẹ́kọ̀ọ́jáde ni yóò gbé orúkọ náà kiri títí ọjọ́ tí yóò fi jọ̀wọ́ iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká gbé Paris yẹ̀ wò, nítorí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà ti le débi pé ó di ti ilé ẹjọ́. Lẹ́yìn rògbòdìyàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní 1968, ìjọba Faransé tú Yunifásítì Paris àtijọ́ ká. Nígbà tó fi máa di 1971, yunifásítì mẹ́tàlá ti jáde lára rẹ̀, wọ́n sì fún wọn ní nọ́ńbà láti Paris I títí dé Paris XIII. Ìyá ti lọ, orúkọ rẹ̀ sì ni ogún tí gbogbo ọmọ ń wò. Àwọn mẹ́ta mú Sorbonne, orúkọ tí àwọn èèyàn mọ̀ mọ́ yunifásítì àtijọ́ náà, mọ́ orúkọ wọn: Panthéon-Sorbonne, Sorbonne Nouvelle àti Paris-Sorbonne. Ní 2018, Paris-Sorbonne dara pọ̀ mọ́ Paris VI, àwọn méjèèjì sì di Sorbonne Université. Ní 2020, Paris XIII náà mú un, ó di Sorbonne Paris Nord. Bí ẹnì kan bá wá jókòó síwájú mi lónìí, tó ní, "Sorbonne ni mo lọ," inú rẹ̀ á máa dùn, ojú rẹ̀ á máa dán, èmi á sì ní láti bi í pé, "Èwo nínú mẹ́rin?" Mo ti rí ẹni tí ìbéèrè yẹn bí nínú. Ó rò pé mò ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ìwé òun ni.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ní 2019, Paris V àti Paris VII parapọ̀, wọ́n sì mú orúkọ ìyá fúnra rẹ̀: Université de Paris. Kò sí nọ́ńbà, kò sí àfikún kankan. Panthéon-Assas, tó jẹ́ Paris II tẹ́lẹ̀, tí àwọn èèyàn mọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ òfin, kọ̀ jálẹ̀, ó gbé ẹjọ́ lọ síwájú Conseil d'État, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún ẹjọ́ ìṣàkóso ìjọba nílẹ̀ Faransé. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 2021, ilé ẹjọ́ náà fagi lé orúkọ yẹn, pé ó lè da àwọn èèyàn láàmú nígbà tó jẹ́ pé àwọn yunifásítì mìíràn wà tí wọ́n jọ jáde lára ìyá kan náà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Université Paris Cité.

Lójú tèmi, Panthéon-Assas jàre. Ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ dá gbé orúkọ ìyá lọ nígbà tí àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ wà láàyè. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú inú wo ẹni tó gboyè láàárín ọdún díẹ̀ yẹn. Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí ó ń jẹ́ Paris Descartes, ìyẹn Paris V. Ó jáde nígbà tí ó ń jẹ́ Université de Paris. Nígbà tó máa fi béèrè transcript, Paris Cité ló ń dá a lóhùn. Orúkọ mẹ́ta lórí ọmọ kan, láìkúrò lórí ìjókòó rẹ̀. Bí fáìlì irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ ìtàn Paris, ohun àkọ́kọ́ tí yóò wá sí i lọ́kàn ni pé ayédèrú ni. Ta ló bi akẹ́kọ̀ọ́ náà léèrè kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ? Ta ló sì bi í léèrè kí wọ́n tó gba orúkọ náà padà?

Àwọn kan ti ṣe é dáadáa. Yunifásítì California, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1868, tó wá fìdí kalẹ̀ sí Berkeley, bí àbúrò kan sí Los Angeles ní 1919. Ẹ̀ka Gúúsù ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é, bí ẹni pé yàrá kan nínú ilé ẹ̀gbọ́n ni. Ní 1927, ó di "University of California at Los Angeles". Ní 1958, wọ́n yọ "at", wọ́n fi kọ́mà dípò rẹ̀. Kọ́mà kan ṣoṣo! Ẹni tí kò mọ inú ọ̀rọ̀ lè ní kí ló wà nínú kọ́mà. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ló wà níbẹ̀. "At" ń sọ pé ilé kan wà ní ibòmíì, pé ìwọ jẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ níbi báyìí. Kọ́mà náà kò sọ ẹni tó jẹ́ olórí tàbí ọmọ ẹ̀yìn. Ó kàn ń sọ ìdílé, ó sì ń sọ ìlú. Èyí tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n pàápàá tẹ́wọ́ gba kọ́mà tirẹ̀: University of California, Berkeley. Ọgbà mẹ́wàá ni wọ́n lónìí, bákan náà ni gbogbo wọn ṣe ń jẹ́ ẹ. Ẹgbẹ́ eléré ìdárayá Berkeley ṣì ń jẹ́ "Cal", bí ẹni pé àwọn nìkan ló ni California, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí pé kò sí ẹni tó ń fi aṣọ bọ́ọ̀lù wáṣẹ́. Ìyàtọ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú nìyẹn: orúkọ orí pápá lè jẹ́ èyí tó wuni, orúkọ orí ìwé ẹ̀rí gbọ́dọ̀ sọ ibi tí èèyàn ti wá.

Ẹ wá wo Missouri, ní Amẹ́ríkà kan náà. Ọgbà tó wà ní ìlú Columbia ni ẹ̀gbọ́n níbẹ̀, láti 1839. Nígbà tí ó di ọgbà mẹ́rin ní 1963, wọ́n so orúkọ ìlú mọ́ ti ẹ̀gbọ́n náà, ó di University of Missouri–Columbia. Kò dùn mọ́ Columbia nínú. Ní 2007, ìgbìmọ̀ gbà fún un láti bọ́ orúkọ ìlú náà sílẹ̀ níta gbangba, kó máa jẹ́ University of Missouri lásán bíi ti àtijọ́. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 2008, ọgbà tó wà ní Rolla, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1870, fi orúkọ ìdílé náà sílẹ̀ pátápátá, ó di Missouri University of Science and Technology. Kansas City àti St. Louis ṣì ń jẹ́ orúkọ ìdílé pẹ̀lú ìlú lẹ́yìn. Ṣé ẹ rí i? Ní ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n bọ́ ìlú tirẹ̀ sílẹ̀, ìlú tó wà lára àwọn yòókù di àmì pé àbúrò ni wọ́n. Nǹkan kan kò yí padà lórí bébà tiwọn, síbẹ̀ orúkọ wọn kò túmọ̀ sí ohun tó ń túmọ̀ sí lánàá mọ́.

Mo gbọ́ àwíjàre àwọn ẹ̀gbọ́n, n kò sì fojú kéré rẹ̀. Ẹni tó gboyè ní Columbia ní 1950 kò rí orúkọ ìlú kankan lórí sátífíkéètì rẹ̀, nítorí pé kò sí ọgbà mìíràn tí wọ́n lè ṣì í mú fún. Lójú irú ẹni bẹ́ẹ̀, àwọn kan ló fi kún orúkọ òun láìbi òun, ó kàn ń gba ohun tirẹ̀ padà ni. Òótọ́ ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọmọ St. Louis náà ní ohun tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fún ẹnì kan ní àṣẹ láti dá jẹ́ orúkọ ilé, ẹ jẹ́ kí àwọn tó kù wà nínú yàrá nígbà tí ẹ ń ṣe é, kí ẹ sì bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ máa jẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà.

Ní Maryland, òfin ló fún ọgbà College Park láṣẹ ní 1997 láti máa jẹ́ University of Maryland lásán. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni University of Maryland, Baltimore wà, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìṣègùn láti 1807. Lẹ́yìn ìyẹn ni University of Maryland, Baltimore County, tí wọ́n ṣí ní 1966. Ẹ ka méjèèjì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀rọ̀ kan péré ló wà láàárín ibi tí ó ń kọ́ dókítà àti agbẹjọ́rò láàárín ìgboro àti ibi tí ó wà lẹ́yìn odi ìlú. Kì í ṣe àwa tí à ń yẹ ìwé wò nìkan ló ń ṣì wọ́n mú. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì ti Baltimore County na Virginia ní 74 sí 54, ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìdíje NCAA, ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, fún àwọn ọkùnrin tí ẹgbẹ́ tó wà nípò kẹrìndínlógún máa borí ẹgbẹ́ tó wà nípò kìíní. Òkìkí wọn kàn. Lọ́jọ́ kejì, ẹni tí àwa méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ wọlé, ó ní, "Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí Maryland ṣe?" Maryland kọ́. Ọgbà tó jàjàṣẹ́gun nínú irú ìjà bẹ́ẹ̀, ẹlòmíì ni wọ́n kì kú oríire!

Orí íntánẹ́ẹ̀tì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo àdírẹ́sì umaryland.edu. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i yóò rò pé ti College Park ni, nítorí òun ló ń jẹ́ Maryland lásán. Rárá o, ti Baltimore ni. Ti College Park ni umd.edu. Bí ẹ bá wá ronú pé umb.edu ló yẹ kó jẹ́ ti Baltimore, University of Massachusetts tó wà ní Boston ni yóò ṣí sójú yín, ìdílé mìíràn ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Mo ti fi ìbéèrè nípa ìwé ẹ̀rí èèyàn ránṣẹ́ síbi tí kò yẹ rí nítorí irú àdírẹ́sì báyìí, èmi tí mo mọ bí ó ṣe ń dunni. Ojú tì mí lọ́jọ́ náà. Inú mi dùn pé ẹni tó gba ímeèlì mi kò kọ báírò pupa sí i. Ó dá a padà láàárín wákàtí kan, ó sì fi àdírẹ́sì tó tọ́ sí i.

Louisiana kọ́ mi ní ohun mìíràn. Ní 1984, yunifásítì tó wà ní Lafayette, tó ń jẹ́ University of Southwestern Louisiana nígbà náà, fẹ́ di University of Louisiana. Àtakò pọ̀, orúkọ náà kò sì dúró. Nígbà tó di 1999 ni ọ̀nà là, ṣùgbọ́n ó là pẹ̀lú àdéhùn: wọn kò jẹ́ kí ẹnì kan dá mú un. Monroe àti Lafayette jọ mú un lọ́dún kan náà, oníkálukú pẹ̀lú orúkọ ìlú rẹ̀. Mo mọ̀ pé Lafayette kò rí gbogbo ohun tó fẹ́ gbà. Síbẹ̀, nígbà tí fáìlì bá ti Louisiana dé ọ̀dọ̀ mi, mo mọ ibi tí mo máa kọ̀wé sí.

Ní Bẹ́ljíọ̀mù, èdè ló pín ilé. Yunifásítì tó wà ní Leuven pín sí méjì lẹ́yìn wàhálà 1968, àwọn tó ń sọ èdè Dutch dúró, àwọn tó ń sọ Faransé lọ kọ́ ìlú tuntun fún ara wọn, Louvain-la-Neuve. Wọ́n pín ilé ìkàwé, wọ́n fi nọ́ńbà ara ìwé pín in: àwọn tí nọ́ńbà wọn ṣe é pín sí méjì gba ibì kan, àwọn tí kò ṣe é pín gba ibì kejì. Ìwé ṣe é pín bẹ́ẹ̀. Orúkọ kò ṣe é pín: Leuven ni Louvain, Louvain ni Leuven, èdè nìkan ló yàtọ̀, àwọn méjèèjì sì ń ka ọjọ́ orí wọn láti 1425. Ní Brussels náà, Université libre de Bruxelles àti Vrije Universiteit Brussel yà kúrò lára ara wọn ní nǹkan bí àkókò kan náà. Bí ẹ bá túmọ̀ orúkọ méjèèjì sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, tàbí sí Yorùbá pàápàá, ohun kan náà ni yóò jáde. Ìdí nìyẹn tí àwọn fúnra wọn kì í fi í túmọ̀ rẹ̀. Mo gbóríyìn fún wọn lórí ìyẹn: wọ́n gbà pé bí orúkọ bá máa da àlejò láàmú, kí àwọn má lò ó.

Àwọn olùṣèwádìí náà ń jìyà rẹ̀. Ẹnì kan yóò kọ àpilẹ̀kọ, yóò gé orúkọ ìlú kúrò nínú àdírẹ́sì rẹ̀ kó lè kúrú, iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì lọ sábẹ́ ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí wọ́n bá wá ń to yunifásítì sípò, ẹ̀gbọ́n á ga sí i, àbúrò á wálẹ̀. Nítorí irú èyí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ROR ní 2019, àkójọ tí ó fún ilé ìwádìí kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀. Ilé ìkàwé orí ẹ̀rọ ti Yunifásítì California wà lára àwọn tó ń bójú tó o, kò sì yà mí lẹ́nu. Ẹni tó ní ọmọ mẹ́wàá ló ń mọ bí nọ́ńbà ṣe wúlò tó. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò lè bá yín jókòó níwájú ẹni tó ń gbani síṣẹ́. Orúkọ ni yóò kà.

Bí ìdílé bá ti há jù fún ẹnì kan, kó jáde pẹ̀lú àlàáfíà. Ní Ireland, ọgbà Galway ti ń jẹ́ orúkọ gígùn lábẹ́ National University of Ireland láti 1997, àwọn èèyàn sì ń pè é ní oríṣiríṣi. Ní 2022, ó di University of Galway. Ó ṣì wà nínú ìdílé. Orúkọ ìlú rẹ̀ ló fi ń jẹun báyìí, kò sì sí ẹni tó máa ṣì í mú fún Dublin tàbí Cork. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò, nítorí pé ọ̀pọ̀ yín ń hùwà bí ẹni pé orúkọ ìlú jẹ́ ẹ̀gàn, pé bí ó bá wà lára ọgbà yín, a jẹ́ pé ẹ kò tíì dàgbà. Galway kò rí i bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀bẹ̀ tí mo mú wá kò le. Bí ẹ bá máa ja ìjà orúkọ, ẹ jà á. Ṣùgbọ́n kí orúkọ ìlú wà lórí gbogbo sátífíkéètì àti gbogbo transcript, ti ẹ̀gbọ́n pẹ̀lú. Kì í ṣe lẹ́tà wínníwínní nísàlẹ̀ o, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ gan-an ni. Bí ẹ bá yí orúkọ padà, ẹ kọ̀wé sí gbogbo ẹni tó jáde lábẹ́ orúkọ àtijọ́, kí ẹ fún un ní ìwé olóǹtẹ̀ tó sọ pé orúkọ báyìí ló di orúkọ báyìí, ní ọjọ́ báyìí, láìgba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ yí i padà, òun kọ́.

Èyí tí mo bẹ̀ yín jù ni ti ìwé aṣìnà. Ẹ sọ fún àwọn tó wà ní ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ yín pé kí wọ́n má kọ "a kò ní àkọsílẹ̀ ẹni yìí" láé nígbà tí ọmọ ìyá yín wà tí wọn kò tíì bi léèrè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ báyìí: "Ẹni yìí kò sí lọ́gbà tiwa. Ọgbà mìíràn wà tó ń jẹ́ orúkọ tó jọ tiwa, a ti fi ìwé yín ránṣẹ́ síbẹ̀ lónìí." Ìlà méjì ni. Kò ní kí ẹ̀gbọ́n fi ipò rẹ̀ sílẹ̀, kò ní kí àbúrò gba ẹ̀bi. Ẹ lè wà nílé ẹjọ́ lọ́wọ́ kí ẹ sì máa ṣe é. Ìbá jẹ́ pé ẹni tó di báírò pupa mú nínú ọ̀ràn tèmi kọ irú ìlà bẹ́ẹ̀ ni, ọdún kan nínú ayé mi kì bá tí ṣòfò.

Fáìlì kan wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni. Fọ́tò rẹ̀ wà lára rẹ̀, ó de táì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Nínú fọ́ọ̀mù tó kọ, orúkọ ìdílé yunifásítì rẹ̀ nìkan ló kọ síbẹ̀, kò kọ ìlú, ọgbà méjì ló sì ń jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀ bí ìdáhùn bá tètè dé. Mo ti kọ̀wé sí ọgbà méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, mo sì kọ orúkọ ìlú gàdàgbà sára àpòòwé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú yín ló ni ín. Mò ń retí yín.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òṣìṣẹ́ kan tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí wò, ọmọ ọgbà àbúrò